Bí Àgbẹ̀ Ṣe Lè Bọ́ Lọ́wọ́ Oró Agbọ́n

Abẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ, ẹ̀ka igi àti òrùlé ahéré ni agbọ́n sábà máa ń kọ́lé sí. Ó yẹ kí àgbẹ̀ yẹ ibẹ̀ wò kó tó gbé àdá.

Ilé agbọ́n tó bá jìnnà sí ọ̀nà kò yẹ ní títú, nítorí agbọ́n ń pa kòkòrò tó ń jẹ ewé ohun ọ̀gbìn. Kò yẹ ní sísun níná pẹ̀lú, kí iná má baà ran oko.

Bí agbọ́n bá tú síta, kí ènìyàn bojú, kó sì sá jìnnà, nítorí agbọ́n kan lè ta ènìyàn léraléra. Ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ bá wú, tàbí tí kò lè mí dáadáa, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.