Àwọn ẹranko afọmúbọ́mọ ní Òkè Annamite

Òkè Annamite jẹ́ ọ̀wọ́ òkè tí ó wà ní Gúúsù-Ìlàoòrùn Ásíà. Ó gùn tó nǹkan bí 1,100 kìlómítà. Ó tọ ààlà Láòs àti Fiẹtnám, apá kékeré rẹ̀ sì wọ Kàmbódíà. Trường Sơn ni àwọn ará Fiẹtnám ń pè é. Láti ọdún 1992 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́nsì ti ń rí àwọn ẹranko afọmúbọ́mọ, ìyẹn àwọn tí ń fún ọmọ wọn lọ́mú, tí ìwé kankan kò mẹ́nu bà rí níbẹ̀. Síbẹ̀, ìmọ̀ nípa wọn kò tíì kún.

Ìṣàwárí

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1992, àwọn olùwádìí ìjọba Fiẹtnám àti àjọ WWF rí ìwo gígùn kan nínú ilé àwọn ọdẹ nítòsí igbó ìpamọ́ Vũ Quang. Ìwo náà kò jọ ti ẹranko kankan tí wọ́n mọ̀. Saola ni ẹranko tí ó ni ín, ìbátan màlúù àti ẹfọ̀n. Ní ọdún 1993, wọ́n fún un ní orúkọ sáyẹ́nsì, Pseudoryx nghetinhensis.

Ní ọdún 1994, wọ́n ṣàpèjúwe muntjac oníwo ńlá, irú àgbọ̀nrín kan tí ń gbó bí ajá. Ehoro abilà, Nesolagus timminsi, tẹ̀lé e ní ọdún 2000, lẹ́yìn tí wọ́n rí òkú rẹ̀ ní ọjà kan ní Láòs. Inú ọjà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí kha-nyou pẹ̀lú, ẹranko tí ó jọ eku àti ọ̀kẹ́rẹ́, tí ń gbé àárín àpáta ní Khammouane nítòsí òkè náà. Wọ́n ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 2005. Ìwádìí fi hàn lẹ́yìn náà pé ó wá láti inú ẹbí tí wọ́n rò pé ó ti run láti nǹkan bí mílíọ̀nù 11 ọdún sẹ́yìn. Àwọn ọdẹ àti ọlọ́jà ti mọ àwọn ẹranko wọ̀nyí kí àwọn onímọ̀ sáyẹ́nsì tó mọ̀ wọ́n.

Ohun tí ó fa àlàfo ìmọ̀

Òkè náà ga gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, igbó rẹ̀ dí, òjò sì pọ̀ níbẹ̀. Ogun tí ó parí ní ọdún 1975 dí ìwádìí lọ́wọ́. Ọ̀nà Hồ Chí Minh gba inú òkè yìí kọjá, àwọn bọ́ǹbù tí kò bú sì ṣì wà nínú ilẹ̀.

Ọ̀nà ìwádìí

Àwọn olùwádìí máa ń so kámẹ́rà tí ń dá ya àwòrán mọ́ igi nínú igbó. Wọ́n tún máa ń kó eṣúṣú jọ, kí wọ́n lè fi DNA inú ẹ̀jẹ̀ tí ó mu mọ ẹranko tí ó ti fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 2012, ọ̀nà yìí fi ehoro abilà hàn ní Fiẹtnám.

Ewu

Kò sí onímọ̀ sáyẹ́nsì kankan tí ó tíì fojú rí saola nínú igbó. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2013 ni kámẹ́rà ya àwòrán rẹ̀ kẹ́yìn, ní Quảng Nam. Kò sí ẹni tí ó mọ iye tí ó kù, kò sì sí ọ̀kankan ní ọgbà ẹranko. Ohun tí ó ń pa á jù ni tàkúté wáyà tí àwọn ọdẹ dẹ sílẹ̀ fún ẹran mìíràn, nítorí pé tàkúté kì í ṣa ẹran mú. Láti ọdún 2011, àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ti tú tàkúté tí ó ju 100,000 lọ ní àwọn igbó ìpamọ́ saola ní Huế àti Quảng Nam. Àwọn onímọ̀ ń gbèrò láti mú díẹ̀ láàyè kí wọ́n lè máa bímọ lábẹ́ àbójútó, ṣùgbọ́n wọ́n ní láti kọ́kọ́ mọ ibi tí wọ́n wà.