Olú, Oko Ikán

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, tí olú yọ nídìí ọ̀gán, àwọn ọmọ a gbé agbọ̀n, wọn a sáré lọ wá a. Ǹjẹ́ ẹ ti béèrè rí pé ta ni ó gbìn ín?

Ikán ni. Ikán a jẹ igi àti ewé gbígbẹ, a sì fi ìgbẹ́ rẹ̀ mọ ebè sínú ọ̀gán. Orí ebè yìí ni olú ń hù sí, tín-ín-rín bí òwú. Olú a sọ igi líle di rírọ̀, ikán a sì padà wá jẹ ẹ́. Èyí tí àwa ń sè lọ́bẹ̀, èso rẹ̀ lásán ni. Ní 2016, àwọn onímọ̀ kéde pé àwọn rí irú oko ikán bẹ́ẹ̀ ní Tanzania, tí ó ti di òkúta. Ó ti tó mílíọ̀nù 25 ọdún! Iṣẹ́ àgbẹ̀ àwa ènìyàn kò tíì ju nǹkan bí 12,000 ọdún lọ. Ikán tí à ń bú nítorí pé ó jẹ òpó ilé wa, ó ṣáájú wa dé oko.

Olú kì í ṣe ewéko. Kò lè fi oòrùn ṣe oúnjẹ. Ohun tí ẹlòmíràn ti ṣe ni ó ń jẹ, bí ẹranko. Ẹbí rẹ̀ ni ó ń mú ẹmu hó, tí ó sì ń mú búrẹ́dì wú. Ẹbí rẹ̀ náà ni ó ń hù sára oúnjẹ tí ó bu. Lára irú rẹ̀ ni Alexander Fleming ti rí oògùn penicillin ní London ní 1928, tí ó gba ọ̀pọ̀ ọmọ ogun là nígbà ogun Hitler.

Ṣùgbọ́n ẹbí yìí kan náà ń pani. Ní 1960, tòlótòló tí ó ju 100,000 lọ kú ní England. Wọ́n wá ìdí rẹ̀ títí, àfi ìgbà tí wọ́n rí i pé ẹ̀pà inú oúnjẹ wọn ti bu. Májèlé tí ó wà nínú rẹ̀ ni wọ́n sọ ní aflatoxin.

Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa. Ní 2002, àwọn onímọ̀ gbé ìwé jáde lórí ẹ̀jẹ̀ ọmọdé 480 tí wọ́n yẹ̀ wò ní Benin àti Togo. Nínú ọmọ 100, 99 ni wọ́n bá májèlé náà lára rẹ̀. Àwọn tí ó pọ̀ lára wọn kúrú ju ẹgbẹ́ wọn lọ. Àwọn ọmọ tí a ti já lẹ́nu ọmú, tí oúnjẹ ilé ti di tiwọn, ni ó sì pọ̀ lára wọn jù.

Àgbàdo tí a kó sí àká kí ó tó gbẹ, ẹ̀pà tí a gbé kalẹ̀ níbi ọ̀rinrin, ibẹ̀ ni ó ti ń wọlé. Ojú kì í rí májèlé náà, sísè kì í sì í pa á. Orí ẹní ni kí ẹ sá àgbàdo sí, kì í ṣe ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ ṣa èyí tí ó bu kúrò kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Èyí tí ẹ ṣà kúrò náà, ẹ má dà á fún adìẹ o: irú rẹ̀ ni ó pa àwọn tòlótòló yẹn.