Kí Ohun Ìrántí Ogun Má Baà Yadi

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọmọ ènìyàn nìkan kọ́ ni òwe yìí bá wí. Ohun tí ènìyàn fi jagun, tàbí tí ó gbé bọ̀ láti ojú ogun, òun náà ní ilé tí ó ti wá. Ó sì yẹ kí a wo ilé náà dáadáa kí a tó fún un lórúkọ.

Ní ọ̀pọ̀ agbo ilé ní ilẹ̀ Yorùbá ni àpótí kan wà lábẹ́ ibùsùn tàbí lórí àjà, tí ohun ìrántí ogun wà nínú rẹ̀: àmì-ẹ̀yẹ tí ọ̀já rẹ̀ ti ṣá, fìlà ṣójà, ìbọn tí ó ti dípẹtà, ìwé tí ikán ti jẹ létí. Àwọn ọmọ ilé mọ̀ pé bàbá àgbà lọ sí ogun. Ogun wo ni, wọn kò mọ̀. Nígbà tí ẹni tí ó mọ ìtàn náà bá papò dà, ohun inú àpótí yadi. Èyí tí ó jẹ́ fàdákà, alágbẹ̀dẹ a yọ́ ọ. Èyí tí ó jẹ́ irin, onírin àlòkù a gbé e lọ. Kì í ṣe irin àti fàdákà ni ó ṣòfò nígbà náà bí kò ṣe orúkọ ènìyàn.

Iṣẹ́ méjì ni ó lè gba irú ohun bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ìparun. Èkíní ni ìdánimọ̀, èyíinì ni pé kí a mọ ohun tí ó jẹ́, ibi tí ó ti wá àti ẹni tí ó ni ín. Èkejì ni àkọsílẹ̀, pé kí a kọ ohun tí a mọ̀ náà sílẹ̀ lọ́nà tí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn yóò fi lè gbà á gbọ́. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ wo bí iṣẹ́ méjèèjì ti rí.

Àmì-ẹ̀yẹ kan wà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tí ó bá a jagun ní ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà láàárín ọdún 1887 sí 1900. Orí Ọbabìnrin Victoria ni ó wà ní iwájú rẹ̀. Ní ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ya àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń bá àwọn aláwọ̀ dúdú jà nínú igbó. Ọ̀já rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ìlà dúdú sì wà lára rẹ̀. Lórí ọ̀já yìí ni irin pẹlẹbẹ kan máa ń wà, èyí tí ń sọ ogun tí ẹni náà jà. Lórí òmíràn a óò rí orúkọ ìlú, bí “Benin 1897.” Ṣùgbọ́n lórí òmíràn, ọdún nìkan ni a óò rí: “1892.” Kí ni ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1892? Ọmọ Ìjẹ̀bú kò ní béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà ni Gómìnà Gilbert Carter ti Èkó rán Kọ́nẹ́ẹ̀lì Francis Scott sí Ìjẹ̀bú nítorí ọ̀rọ̀ ọ̀nà òwò tí àwọn Ìjẹ̀bú kò fẹ́ ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ 19 oṣù náà ni wọ́n pàdé ní Ìmàgbọn; ìbọn Maxim fọhùn, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú sì ṣubú. Ogun tí ó gba òmìnira lọ́wọ́ ìjọba kan ni a fi òǹkà mẹ́rin péré sọ.

Ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Ogun kan náà kọ́ ni “1892” ń tọ́ka sí. A fi irin kan náà fún àwọn tí ó jà ní ilẹ̀ Gambia ní ọdún yẹn. Báwo ni a óò ṣe mọ̀ ọ́n yàtọ̀? Etí àmì-ẹ̀yẹ náà ni a óò wò. Níbẹ̀ ni a gbẹ́ orúkọ ológun náà àti ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ̀ sí. Bí a bá rí ẹgbẹ́ ọmọ ogun Èkó níbẹ̀, Ìmàgbọn ni. Bí ó bá jẹ́ West India Regiment, tí ó jà ní ibi méjèèjì, àfi kí a wá ìwé orúkọ ẹgbẹ́ náà rí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni “Niger 1897” ṣe rí. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn yóò rò pé odò ni wọ́n bá jà. Bídà àti Ìlọrin ni ogun náà dé, orúkọ ìlú méjèèjì kò sì sí lórí irin rẹ̀. Bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, òmọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń kọ àkọsílẹ̀ irú ohun bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ fi mọ sí “àmì-ẹ̀yẹ fàdákà kan.” Lójú ẹni tí ó fi í ta ni lọ́rẹ, ẹ̀yẹ ni, lójú ẹni tí wọ́n jà lógun, ìrántí ọ̀fọ̀ ni. Àkọsílẹ̀ tòótọ́ ní láti ní àyè fún ìhà méjèèjì.

Orúkọ tí ó wà létí àmì-ẹ̀yẹ pàápàá ń fẹ́ ìtúmọ̀. Nígbà tí a dá West African Frontier Force sílẹ̀ ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn ọ̀gá òyìnbó tí ń gba ènìyàn síṣẹ́ sábà máa ń fi orúkọ ìlú ṣe orúkọ kejì fún ọmọ ogun. Bí a bá rí “Ojo Ibadan” lára àmì-ẹ̀yẹ Ogun Àgbáyé Kìíní, kì í ṣe pé bàbá Òjó ń jẹ́ Ìbàdàn. Ìlú tí ó sọ pé òun ti wá ni. Ó sì lè jẹ́ pé ibi tí ó ti wọṣẹ́ ogun lásán ni. Òjó mélòó ni ó wà ní Ìbàdàn? Nọ́ńbà tí ó ṣáájú orúkọ náà nìkan ni ó lè ya Òjó kan sọ́tọ̀ kúrò lára Òjó mìíràn. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ kọ nọ́ńbà, ipò, orúkọ àti ẹgbẹ́ bí wọ́n ti wà gan-an, láìtún àkọtọ́ rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn náà ni a óò wá kọ orúkọ náà ní àkọtọ́ Yorùbá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí a máa fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ bó àmì-ẹ̀yẹ kí ó lè dán. Lẹ́tà tí ó wà létí rẹ̀ kò jìn. Bí a bá ń bó o lọ́dọọdún, orúkọ yóò parẹ́, dídán nìkan ni yóò kù. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹsẹ̀ ẹni.

Ti Ogun Àgbáyé Kejì le ju èyí lọ. Ìràwọ̀ Bọ́mà, tí ọ̀já rẹ̀ ní àwọ̀ pupa láàárín, tí àwọ̀ aró àti ti ọsàn sì wà ní ọ̀tún àti òsì, kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni lára nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì fi í fún àwọn ọmọ ogun wa. Àwọn ti Íńdíà, Gúúsù Áfíríkà àti Ọsirélíà ni a gbẹ́ orúkọ sí tiwọn. Bí a bá ya ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ kúrò lára ìwé àti aṣọ tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú àpótí, a ti gé e kúrò lára ẹni tí ó ni ín títí láé. Ẹ má ṣe tú àpótí ká kí ẹ tó kọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ àti bí wọ́n ti tò.

Àmì tí a rán mọ́ èjìká aṣọ tún lè ràn wá lọ́wọ́. Aláǹtakùn dúdú lórí aṣọ pupa rúsúrúsú ni àmì ẹgbẹ́ ogun kọkànlélọ́gọ́rin, èyí tí ó lọ sí Ìlà-oòrùn ayé ní ọdún 1943. Ananse inú àlọ́ àwọn Àṣáńtì ni, ẹni tí ọgbọ́n rẹ̀ ju agbára rẹ̀ lọ, bí Ìjàpá ti rí nínú àlọ́ tiwa. Orí rẹ̀ kọ sí ìsàlẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé wọ́n dorí rẹ̀ kodò. Ẹgbẹ́ kejìlélọ́gọ́rin ní tirẹ̀ fi ọ̀kọ̀ méjì dábùú ara wọn lórí òṣùká aláàárù, nítorí pé lórí àwọn aláàárù ni oúnjẹ àti ọta gbà dé ojú ogun nínú igbó tí ọkọ̀ kò lè wọ̀. Òǹkọ̀wé tí kò mọ òṣùká yóò pè é ní òrùka lásán, ògo àwọn aláàárù yóò sì sọnù sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Ní ti ìbọn, àṣìṣe pọ̀ púpọ̀. Gẹ̀ẹ́sì a máa pe ṣakabùlà ní ìbọn àwọn ará Dẹ́nmáàkì, bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn kò ti Dẹ́nmáàkì wá. Bí a bá wo irin rẹ̀ dáadáa, a lè rí àmì kékeré tí ó rí bí ẹyin, tí lẹ́tà ELG wà nínú rẹ̀: a jẹ́ pé ìlú Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n ti dán an wò. Òmíràn ti Birmingham wá. Ìyàtọ̀ pàtàkì jù ni ibi tí a ti ń ki ìbọn. Èyí tí a ń ki láti ẹnu ni ó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn jagunjagun wa. Nínú Ogun Kírìjí, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, àwọn ọmọ Èkìtìparapọ̀ tí ó wà ní Èkó fi ìbọn tí a ń ki láti ìdí ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé, ohùn ìbọn sì ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ. Nítorí náà, bí ìdílé kan ní Ìjẹ̀ṣà tàbí Èkìtì bá ní ìbọn tí a ń ki láti ìdí, tí wọ́n sì sọ pé ti Kírìjí ni, kò yẹ kí a kọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kò sì yẹ kí a gbà á láìwo àmì ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀tù tàbí ọta bá wà níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Kí a ké sí àwọn tí iṣẹ́ náà jẹ́ tiwọn.

Bí a bá dé orí ẹ̀wù ogun, èdè ni ó di pàtàkì jù. Nínú ìwé àwọn òyìnbó tí ó kọ́kọ́ kó irú ohun wọ̀nyí jọ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń pe gbogbo rẹ̀: “juju.” Yorùbá kò pè wọ́n ní orúkọ kan. Ońdè ọ̀tọ̀, ìgbàdí ọ̀tọ̀, ìfúnpá ọ̀tọ̀, àdó ọ̀tọ̀. Ibi tí a ń so ó mọ́ lára àti iṣẹ́ tí à ń fi í ṣe ni ó pín wọn níyà. Ẹni tí ó bá pa orúkọ mẹ́rin pọ̀ di ọ̀kan ti pa ìmọ̀ mẹ́ta. Ọ̀dọ̀ àwọn ọdẹ àti àgbà ilé ni a ti lè gba orúkọ wọ̀nyí padà, kí àwọn náà tó lọ.

Ogun abẹ́lé ti ọdún 1967 sí 1970 fi ẹ̀kọ́ mìíràn kún un. Ní ọdún 1985 ni a ṣí ilé ohun ìrántí ogun ti orílẹ̀-èdè yìí ní Umuahia, níbi tí a kó ọkọ̀ ogun àti ohun ìjà tí àwọn ará Biafra fọwọ́ ara wọn rọ sí. Irú ohun bẹ́ẹ̀ kò ní àmì ilé iṣẹ́ òkèèrè tí a lè fi dá a mọ̀. Ọwọ́ tí ó rọ ọ́ ni àmì rẹ̀, ẹ̀rí ẹnu àwọn tí ó wà níbẹ̀ sì ni ìwé rẹ̀.

Ẹ má ṣe fojú tín-ín-rín ìwé. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹmùrè-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, wọṣẹ́ ogun ní ọdún 1942, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 16. Ní oṣù Kẹta ọdún 1944 ni ìbọn àwọn ará Jàpáánì ṣẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní àfonífojì Kaladan ní Bọ́mà. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, fara pamọ́ sínú igbó fún nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án. Àgbẹ̀ kan tí ń jẹ́ Shuyiman ni ó ń bọ́ wọn, tí ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu. Nígbà tí Fadoyebo padà sílé, ó kọ ìtàn náà sílẹ̀, ẹ̀dà rẹ̀ sì wà ní Imperial War Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. A tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìwé ní ọdún 1999. Nítorí pé ìwé náà wà ní ibi tí a ti lè rí i, akọ̀ròyìn Barnaby Phillips kà á, ó wá Fadoyebo rí ní Nàìjíríà, ó sì gbé lẹ́tà ọpẹ́ rẹ̀ lọ fún àwọn ọmọ Shuyiman ní Bọ́mà, tí a ń pè ní Myanmar báyìí. Ní ọdún 2011 ni a fi fíìmù ìrìn-àjò náà han aráyé. Ní ọdún 2012 ni Fadoyebo fi ayé sílẹ̀. Ọpẹ́ tí ó ti lé ní 60 ọdún dé ilé. Bí ìwé yẹn bá ti wà nínú àpótí tí ẹnikẹ́ni kò kọ orúkọ sí, ikán ni ì bá gba ọpẹ́ náà.

Báwo wá ni a óò ṣe kọ àkọsílẹ̀ náà? Ohun kọ̀ọ̀kan ní páálí tirẹ̀ àti nọ́ńbà tirẹ̀. A óò kọ ohun tí ó jẹ́, ní orúkọ Yorùbá rẹ̀ bí ó bá ní. Ohun tí a fi ṣe é. Gígùn àti fífẹ̀ rẹ̀. Gbogbo àmì àti lẹ́tà ara rẹ̀ láìyí ọ̀kan padà. Ẹni tí ó mú un wá, àti ọjọ́ tí ó mú un wá. A óò ya àwòrán rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Lẹ́yìn èyí ni a óò pín ìyókù sí ọ̀nà mẹ́ta: ohun tí ojú rí, ohun tí ìdílé sọ, àti ohun tí òǹkọ̀wé rò. A kò gbọdọ̀ da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Bí ìdílé bá sọ pé bàbá wọn pa ogún ọmọ ogun Jàpáánì, kí a kọ ọ́ pé wọ́n sọ ọ́. Ìtàn ẹnu kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí a kò mọ ẹni tí ó jẹ́ ẹ kì í dúró níwájú adájọ́.

Iṣẹ́ yìí kò di dandan kí ó dúró de ìjọba. Ìwé ilé-ẹ̀kọ́ kan, gègé kan, àti ọ̀sán kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbà tí ó ṣì mọ ìtàn tó láti fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó jagun fún ọba tí kò rí rí, àti ẹni tí ó kú ní Ìmàgbọn lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun ọba kan náà, kò sí èyí tí ó lè padà wá sọ tirẹ̀ mọ́. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ ni yóò máa bá wọn sọ ọ́, bí àwa tí a kù bá kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.