Àárẹ̀ lára àgbàlagbà: Ọjọ́ orí nìkan kọ́ ló ń fà á

Gbólóhùn kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tó ti lé ní ẹni ọdún 60: "Ara ti di ara àgbà." Bí bàbá bá jí láàárọ̀ tí kò lè dìde, bí ìyá bá rìn dé ẹnu ọ̀nà ọjà tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ọjọ́ orí ni gbogbo ilé máa ń dá lẹ́bi. Àwọn mìíràn a ní ibà ni, wọn a sì sáré ra oògùn ibà ní kẹ́míìsì láìṣe àyẹ̀wò kankan. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ọ̀pọ̀ àárẹ̀ tí à ń dì ru ọjọ́ orí ló ní okùnfà tirẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ló sì ní ìtọ́jú.

Èyí tó jẹ́ ti ọjọ́ orí

Òótọ́ ni pé ara ń yí padà. Láti nǹkan bí ọmọ ọdún 30 ni ẹran ara tó ń fún wa lókun ti ń dínkù: ìdá 3 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, ó sì ń yára sí i lẹ́yìn ọdún 60. Ẹni tó bá ń jókòó sójú kan láti àárọ̀ dalẹ́, okun rẹ̀ yóò tètè tán ju ti ẹni tó ń rìn lọ. Ṣùgbọ́n ìyípadà yìí kì í dé lójijì. Àgbàlagbà tó ń lọ sóko lóṣù tó kọjá, tí kò wá lè gun àtẹ̀gùn mọ́ lóṣù yìí, àìsàn ni ká wá lára rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ tí kò tó

Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé atẹ́gùn tí à ń mí símú kiri ara. Bí kò bá tó, ó máa ń rẹ ènìyàn, òòyì a máa kọ́ ọ, àyà rẹ̀ a sì máa lù kìkìkì. Àyẹ̀wò PCV ló ń fi èyí hàn. Ṣùgbọ́n oògùn ẹ̀jẹ̀ nìkan kò tó, a gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ. Oògùn ara ríro bí ibuprofen àti diclofenac, tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń lò nítorí orúnkún, lè dá ọgbẹ́ sínú ikùn, kí ẹ̀jẹ̀ sì máa jò díẹ̀díẹ̀ láìsí ìrora. Bí ìgbẹ́ ẹni tí kò lo oògùn ẹ̀jẹ̀ bá dúdú bí ọ̀dà, kó má ṣe jáfara.

Àrùn kíndìnrín àti jẹjẹrẹ ìfun náà ń fa àìtó ẹ̀jẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àìtó fítámì B12, nítorí ikùn àgbàlagbà kì í rí i fà nínú oúnjẹ bíi ti ìgbà èwe. Metformin, tí àwọn alátọ̀gbẹ ń lò, lè dín in kù pẹ̀lú.

Àtọ̀gbẹ, ọkàn àti ọ̀fun

Nínú àtọ̀gbẹ, ṣúgà pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ṣùgbọ́n kì í wọ inú ara dáadáa láti di agbára. Ẹni náà dà bí ẹni tí ebi ń pa lẹ́gbẹ̀ẹ́ àká tó kún. Bí àyẹ̀wò òwúrọ̀, kí ènìyàn tó jẹun, bá tó 126, tí wọ́n tún un ṣe tó sì rí bẹ́ẹ̀, àtọ̀gbẹ ni.

Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú lè sọ ọkàn di aláìlágbára. Ẹsẹ̀ a máa wú, ènìyàn kò sì ní lè sùn láìfi ìrọ̀rí méjì mẹ́ta gbé orí sókè.

Ẹ̀yà ara kékeré kan tún wà níwájú ọ̀fun, níbi tí gẹ̀gẹ̀ ti ń yọ, tó ń darí bí ara ṣe ń lo agbára. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá lọ sílẹ̀, òtútù a máa mú ènìyàn nígbà tí ooru ń mú àwọn yòókù, awọ a gbẹ, ìgbẹ́ a sì le. Ọ̀fun lè má wú rárá.

Oògùn, oorun àti ìdágbé

Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan àti oògùn tó ń mú ni sùn lè fa àárẹ̀. Ẹ má ṣe dá wọn dúró fúnra yín o. Dídá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró lè yọrí sí rọpárọsẹ̀. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò, títí kan àgbo, lọ fi han dókítà.

Ẹni ọdún 65 sókè nílò oorun wákàtí 7 sí 8. Bàbá tó ń jí lẹ́ẹ̀mẹrin lóru láti tọ̀ kò lè rí i sùn. Ẹni tó ń hanrun, tí èémí rẹ̀ ń dá dúró lójú oorun, kò sinmi bó tilẹ̀ sùn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ìbànújẹ́ náà ńkọ́? Àgbàlagbà tí ọkọ tàbí aya rẹ̀ ti lọ, tí àwọn ọmọ wà lókè òkun, lè má sọ pé inú òun bàjẹ́. "Ó rẹ̀ mí" ni yóò máa wí.

Ohun tí ẹ lè ṣe

Ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru, PCV, ṣúgà àti kíndìnrín. Kí abọ́ má jẹ́ kìkì àmàlà tàbí ẹ̀kọ. Ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, ẹyin àti ẹja ló ń tún ẹran ara ṣe. Òùngbẹ kì í tètè gbẹ àgbàlagbà, nítorí náà ẹ mu omi kó tó gbẹ yín, àfi bí dókítà bá ti fi ìwọ̀n sí i. Nínú ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2020, ó ní kí àgbàlagbà máa rìn kánmọ́kánmọ́, tàbí ṣe irú eré ìdárayá bẹ́ẹ̀, fún ìṣẹ́jú 150 ó kéré tán lọ́sẹ̀.

Bí àárẹ̀ bá bá àyà dídùn, èémí tó ń há, rírù láìnídìí tàbí ikọ́ tó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì rìn, ilé ìwòsàn ló kàn. Bí apá tàbí ẹsẹ̀ kan bá kú tipiri lójijì, tàbí tí ẹnu wọ́, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ, nígbà tí òbí yín bá tún ní ó rẹ òun, ẹ má ṣe dáhùn pé ọjọ́ orí ni. Ẹ bi wọ́n pé láti ìgbà wo, kí ni wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ tí wọn kò lè ṣe mọ́, oògùn wo ni wọ́n ń lò. Ìdáhùn wọn ni kí ẹ gbé lọ bá dókítà. Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú.