Àwọn Ọkọ̀ Òfurufú Kékeré Inú Ogun Abẹ́lé Nàìjíríà, 1969

Nígbà tí ogun abẹ́lé Nàìjíríà ń lọ sí òpin ọdún kejì rẹ̀, ojú ọ̀run ti di ti ìjọba àpapọ̀. MiG-17 tí wọ́n rà láti Rọ́ṣíà lè sáré ju kìlómítà 1,000 lọ láàárín wákàtí kan. Il-28 sì ń gbé bọ́ǹbù. Ìwọ̀nba ọkọ̀ ogun tí Biafra fi bẹ̀rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́ tán. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 1969, ọkọ̀ òfurufú kéékèèké márùn-ún ṣàdéédé yọ sí pápá ọkọ̀ òfurufú Port Harcourt; wọ́n yìnbọn, wọ́n sì pẹ̀yìn dà.

MFI-9B ni orúkọ ọkọ̀ náà. Ní Sweden ni wọ́n ti ṣe é, kì í sì í ṣe nítorí ogun. Ènìyàn méjì péré ni ó ń gbà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀, tí agbára rẹ̀ kò ju ti ẹṣin 100 lọ, a máa yí abẹ̀bẹ̀ kan níwájú rẹ̀. Eré rẹ̀ kò sì pé kìlómítà 250 ní wákàtí kan. Carl Gustaf von Rosen, ọmọ ìdílé ọlọ́lá ní Sweden, ni ó kó wọn wá. Ẹni ọdún 59 ni nígbà náà. Ó ti ran Etiópíà lọ́wọ́ nígbà tí Ítálì gbógun tì í ní 1935. Ní 1968 ó gbé oúnjẹ wọ Biafra, ó sì fojú ara rẹ̀ rí ohun tí bọ́ǹbù ń fi ojú ará ìlú rí. Ní Gabon ni wọ́n ti kun àwọn ọkọ̀ náà ní àwọ̀ ewé, tí wọ́n sì so rọ́kẹ́ẹ̀tì méjìlá mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Àwọn ènìyàn ń pè wọ́n ní Ọmọ-ọwọ́ Biafra.

Àìtóbi yìí gan-an ni ohun ìjà wọn. Wọ́n ń fò débi pé ikùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orí igi. Igbó a bo ìró wọn, a sì bo ara wọn mọ́ ẹni tí ń ṣọ́nà títí wọn yóò fi dé orí rẹ̀. Ilẹ̀ kúkúrú tó wọn láti gbéra, abẹ́ igi sì tó láti fi wọ́n pamọ́. Atukọ̀ jẹ́ẹ̀tì tí ń sáré lókè kò lè tètè dá wọn mọ̀ láàárín ewé. Ní ọjọ́ 24 wọ́n kọlu Benin, ní ọjọ́ 26 Enugu, ní ọjọ́ 28 ilé iṣẹ́ iná mànàmáná Ughelli. Iye ohun tí wọ́n bàjẹ́ kò bára mu nínú ìròyìn ìhà méjèèjì, bí ogun ti máa ń rí.

Ṣùgbọ́n kò sí irin tí ó dáàbò bo atukọ̀. Ọta ìbọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ kan lè la ọkọ̀ náà já. Bí rọ́kẹ́ẹ̀tì méjìlá bá tán, ó di ilé. Òjijì ni wọ́n fi ń jà, òjijì kì í sì í pẹ́ gbó. Àní Skyraider ti Amẹ́ríkà, alábẹ̀bẹ̀ tí ó lágbára jù wọ́n lọ fíìfíì, tí ó lè rábàbà fún ọ̀pọ̀ wákàtí lórí àwọn ọmọ ogun tí ó ń gbèjà ní Vietnam, bá ewu ńlá pàdé ní 1972, nígbà tí ọ̀tá rí Strela gbà, ohun ìjà tí ènìyàn kan ń gbé léjìká, tí ọta rẹ̀ ń lépa ooru ẹ́ńjìnnì. Super Tucano méjìlá tí Nàìjíríà gbà ní 2021 ní ààbò yí atukọ̀ ká, àwọn tí ó sì ń bá jà kò ní ọkọ̀ òfurufú.

Àwọn Ọmọ-ọwọ́ Biafra kò yí ogun padà lórí ilẹ̀. Ó parí ní oṣù Kìíní ọdún 1970. Ibi tí gbèsè wọn ti já lé ẹlòmíràn lórí ni ó yẹ kí òpìtàn dúró sí. Ìkọlù wọn mú kí ìjọba àpapọ̀ túbọ̀ fura sí gbogbo ọkọ̀ àjèjì tí ń lọ sí Biafra, pàápàá èyí tí ó bá ní orúkọ Sweden lára. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 1969, kò tí ì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n kọlu Benin, MiG-17 kan yìnbọn lu DC-7 ti ẹgbẹ́ Red Cross ti Sweden tí ó gbé oúnjẹ. Alábẹ̀bẹ̀ ni òun náà, ó tóbi, ó sì ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́. Kò sí igi tí ó lè bò ó, kò sì ní ohun ìjà kankan. Àwọn mẹ́rin tí ó wà nínú rẹ̀ kú. Lẹ́yìn èyí ni ẹgbẹ́ Red Cross dá gbígbé oúnjẹ lọ sí Biafra lójú òfurufú dúró.