Kí La Ó Máa Pe Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù?

Ní Bouaké, ní àárín gbùngbùn Côte d'Ivoire, èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Baoulé ló ni ilẹ̀, Dioula ni wọ́n fi ń ná ọjà, Ànàgó sì ni wọ́n ń pe Yorùbá tó ti Ẹ̀jìgbò àti agbègbè rẹ̀ wá ṣòwò níbẹ̀. Bí ìyá oníṣòwò kan bá gba èsì ní CHU, ilé ìwòsàn yunifásítì ìlú náà, ọmọ rẹ̀ tó kàwé Faransé ni yóò túmọ̀ rẹ̀ fún un: "Màmá, wọ́n ní ọ̀rá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ yín." Ìyá á wo ara rẹ̀ tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, á ní: "Ọ̀rá kẹ̀? Níbo ni mo gbé e sí?"

Ìyá kò jẹ̀bi. Ọ̀rá tí Yorùbá mọ̀ ni èyí tó wà lára ẹran àti èyí tó ń yọ níkùn ẹni tó sanra. Bí a bá ti pe kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ní "ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀", ẹni tó sanra nìkan ni yóò bẹ̀rù, ẹni tó gbẹ yóò fọwọ́ lẹ́rán. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀dọ̀ wa fúnra rẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, nítorí ara nílò rẹ̀ láti fi ṣe awọ sẹ́ẹ̀lì, láti fi ṣe họ́mọ̀nù, àti láti fi ṣe òróòro tí ń bá wa da oúnjẹ ọlọ́ràá. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ baba tàbí ìyá ni wọ́n ti jogún àpọ̀jù rẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ tín-ín-rín.

Ǹjẹ́ ká tú orúkọ náà láti ìpìlẹ̀? Michel Eugène Chevreul, onímọ̀ kẹ́míkà ará Faransé, ló sọ ọ́ lórúkọ ní nǹkan bí ọdún 1815. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún òróòro àti fún ohun líle ló so pọ̀, torí pé inú òkúta àpò òróòro ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. "Òróòro líle" ni Yorùbá rẹ̀ ìbá jẹ́, aláìsàn á sì rò pé àpò òróòro ló ń yọ òun lẹ́nu. Lójú tèmi, ká yá orúkọ náà bí a ti yá kánsà àti họ́mọ̀nù, ká sì fi agbára ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ wa sí ibi tí iṣẹ́ gbé wà: bí nǹkan náà ṣe ń rìn nínú ara.

Àwọn dókítà Faransé a máa sọ "bon cholestérol" àti "mauvais cholestérol", àwa náà sì ti ń sọ "ti rere" àti "ti burúkú". Àbùkù wà níbẹ̀. Kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù kan náà ni méjèèjì, ẹni tó rù ú ló yàtọ̀. Kò lè dá rìn nínú ẹ̀jẹ̀, àfi kí alábàárù gbé e. LDL, tí wọ́n ń pè ní ti burúkú, ń kó o kúrò ní ẹ̀dọ̀ lọ sí gbogbo ara. Mo pè é ní akójáde. HDL, tí wọ́n ń pè ní ti rere, ń ṣa èyí tó ṣẹ́kù padà sí ẹ̀dọ̀, akówálé nìyẹn. Bí akójáde bá pọ̀ jù, wọn a máa wọ inú ògiri iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò lọ́kàn, wọn a sì já ẹrù sílẹ̀ síbẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ibẹ̀ á wú, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ á fún. Bí ibi tó wú náà bá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á dì lé e lórí. Tó bá jẹ́ iṣan ọkàn ni, ìkọlù ọkàn dé. Tó bá jẹ́ ti ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ kejì tó ń fẹ́ orúkọ ni "acides gras saturés" tó wà lára ìgò òróró. "Ọ̀rá adì" yóò ṣe é: ẹnikẹ́ni tó bá ti rí epo pupa tó dì nígbà ọyẹ́ ti mọ̀ ọ́n. Òótọ́ ni pé epo pupa kò ní kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tó ṣeé kà sí, àmọ́ nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ló jẹ́ ọ̀rá adì, ọ̀rá adì ló sì ń mú kí akójáde pọ̀ sí i. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ràn alloco tí wọ́n fi epo pupa dín, tàbí sauce graine tí wọ́n fi ẹyìn sè, kò ní láti sá fún wọn pátápátá, ṣùgbọ́n kí ó dín wọn kù. Ọ̀rá adì inú òróró ẹ̀pà kéré sí ti epo pupa gan-an.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí a ń lò fún iṣẹ́ oògùn náà ṣe pàtàkì. Bí a bá ní oògùn "wo" kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù "sàn", aláìsàn á jáwọ́ lọ́jọ́ tí nọ́ńbà bá wálẹ̀. "Ṣọ́" ni kí a lò, torí a kì í ṣọ́ nǹkan fún ọjọ́ kan péré. Oògùn sitatíìnì, tí Akira Endo ará Japan rí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ń dín èyí tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe kù, ẹ̀dọ̀ á sì máa fa akójáde kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Bí a bá dá a dúró, akójáde á tún pọ̀ padà.

Ó ku ti ìwọ̀n. Ní Bouaké, g/l ni wọ́n ń kọ. Ní Nàìjíríà, mg/dl tàbí mmol/l ni. 2 g/l, 200 mg/dl àti 5.2 mmol/l, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ẹni tó gba 2 ní Bouaké, tó wá gba 5.2 nígbà tó relé ọdún, lè rò pé tòun ti ju ìlọ́po méjì lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ fi èsì ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n yín nílé, ẹ kọ g/l mọ́ nọ́ńbà náà, kí ẹ sì kọ ti akójáde lọ́tọ̀, torí òun gan-an ni dókítà ń wò kó tó kọ oògùn.