Ìlú Tí A Kò Fi Ẹsẹ̀ Tẹ̀

Ìlú kan wà rí tí ẹnikẹ́ni kò fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Habitat ni orúkọ rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1986, ni ilé-iṣẹ́ Lucasfilm Games bẹ̀rẹ̀ sí dán an wò lórí kọ̀ǹpútà Commodore 64, tí a fi wáyà tẹlifóònù so pọ̀. Olúkúlùkù a jókòó sílé, àwòrán rẹ̀, tí wọ́n pè ní avatar, a sì máa rìn kiri ìgboro, a máa bá àwòrán àwọn ẹlòmíràn sọ̀rọ̀.

Kò pẹ́ tí olè àti apànìyàn fi dé. Ẹni tí wọ́n bá pa yóò tún jí nílé rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹrù ọwọ́ rẹ̀ ti lọ. Chip Morningstar àti Randy Farmer, tí wọ́n ṣe ìlú náà, kò dá ẹjọ́ yìí fúnra wọn. Wọ́n ní kí àwọn ará ìlú sọ ọ́: ọ̀ràn ha ni ìpànìyàn níbẹ̀ bí? Ìdajì ní ọ̀ràn ni. Ìdajì ní ara eré ni. Àlùfáà kan dá ìjọ sílẹ̀, ó fi olè jíjà àti ohun ìjà ṣe èèwọ̀ fún àwọn ọmọ ìjọ. Àwọn ará ìlú sì dìbò yan olórí ọlọ́pàá.

Lónìí, ẹgbàágbèje ọmọ ní ń ṣeré nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀, orúkọ avatar sì wà síbẹ̀. Àwọn àgbà a máa wí pé ìlú tí kò sí òfin, ẹ̀ṣẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ní Habitat, ẹ̀ṣẹ̀ ni ó ṣáájú òfin. Ẹ̀yin tí ń wọ irú ìlú bẹ́ẹ̀, ẹ rántí pé ènìyàn ẹlẹ́ran-ara ni ó wà lẹ́yìn àwòrán.